Àléébù Tí Ó Tó Fara Dà: Lórí Àwọn Eré Kọ̀ǹpútà Tí Ìlépa Wọn Ga Ju Agbára Wọn Lọ

Ní oṣù kẹrin ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní ìlú Yaoundé, ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, gbé eré kọ̀ǹpútà kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Aurion: Legacy of the Kori-Odan. Kiro'o Games ni wọ́n ń pe ilé-iṣẹ́ náà. Láti ọdún 2003 ni Olivier Madiba, olùdásílẹ̀ rẹ̀, ti ń ro eré yìí lọ́kàn, nígbà tí ilé-iṣẹ́ eré kọ̀ǹpútà kò tíì sí ní agbègbè náà rárá. Ọdún mẹ́tàlá ni ó wà láàárín èrò àti ọjà. Iná mànàmáná ń lọ, ó ń bọ̀. Owó kò tó. Nígbà tí ọdún 2015 sì ń lọ sí òpin, wọ́n ké sí gbogbo ayé lórí Kickstarter, àwọn ènìyàn tí ó lé ní 1,000 sì dá owó tí ó lé ní 40,000 yúrò jọ fún wọn kí iṣẹ́ náà tó lè parí.

Mo fi eré yìí han ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí a bí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ sọ ọ́ níwájú àgbà, ẹ̀rù àṣìsọ ń bà á. Ó gbá eré náà fún bí ogójì ìṣẹ́jú, ó gbé páàdì sílẹ̀, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ká ní kì í ṣe ọmọ Áfíríkà ló ṣe é, ṣé ẹ máa ní kí n gbá a?" Yorùbá ni ó fi béèrè, láìṣe àṣìsọ kankan. N kò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà, ìbéèrè náà kò sì kúrò lọ́kàn mi títí mo fi jókòó láti kọ àpilẹ̀kọ yìí.

Ọ̀rọ̀ kan nípa ọ̀rọ̀-ìṣe kí n tó máa lọ. Àwọn kan ń sọ pé àwọn ń gbá géèmù, bí ẹni ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn mìíràn pé àwọn ń ta á, bí ẹni ń ta ayò. "Gbá" ni mo lò níhìn-ín nítorí pé òun ni mo ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n "ta" ni ọkàn mi fà sí. Ẹni tí ó jókòó ti ọpọ́n ayò mọ̀ pé òun wá ronú ni, kò sì sí ẹni tí yóò bi í léèrè ìdí tí ó fi ń pẹ́ kí ó tó fọwọ́ kan ọmọ ayò.

Ìtàn Aurion bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó yẹ kí ó jẹ́ ọjọ́ ayọ̀. Enzo Kori-Odan, ọmọ ọba Zama, fẹ́ gorí ìtẹ́, ó sì ń gbé Erine níyàwó ní ọjọ́ kan náà. Arákùnrin ìyàwó náà dìtẹ̀, ó gba ìjọba, tọkọtaya náà sì di ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn kiri ayé tí a ń pè ní Auriona, wọ́n ń wá olùrànlọ́wọ́, wọ́n sì ń wá agbára tí àwọn baba ńlá Enzo fi sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń retí Ògún tàbí Ṣàngó nínú rẹ̀ yóò pòfo. Àwọn tí ó ṣe é kó aṣọ, àṣà àti èrò ìjìnlẹ̀ jọ láti oríṣiríṣi ibi ní Áfíríkà, wọ́n sì fi wọ́n hun ayé tí kò sí lórí àwòrán ilẹ̀ kankan.

Ohun tí ó kọ́kọ́ mú mi lọ́kàn ni pé tọkọtaya ni olú ẹ̀dá-ìtàn. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ eré irú èyí, obìnrin ni wọ́n máa ń jí gbé kí akọni lè rí ìdí láti jáde nílé. Níhìn-ín, Erine wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń ràn án lọ́wọ́ lójú ìjà, ó sì ń bá a jiyàn lórí irú ọba tí ó yẹ kí ó jẹ́ bí ọjọ́ ìpadàbọ̀ bá dé. Mo tún rí i pé ogún ni agbára akọni náà. Ohun tí ó fi ń jà kì í ṣe idà tí ó rà lọ́jà tàbí iṣan ara rẹ̀ nìkan, bí kò ṣe àpapọ̀ ohun tí àwọn tí ó ti kú mọ̀. Bí ó bá ti ń mọ̀ wọ́n sí i ni yóò máa lè lo agbára wọn, tí yóò sì máa da ọ̀kan pọ̀ mọ́ òmíràn. Láti sọ ọ̀rọ̀ ogún àtàwọn baba ńlá di ohun tí ọwọ́ ń ṣe, kí ó má jẹ́ ohun tí ẹnu ń sọ nìkan, ìlépa gidi ni. N kò tíì rí ilé-iṣẹ́ olówó ńlá kan tí ó dá a láṣà.

Àléébù rẹ̀ kò sì fara sin. Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi kà á gún níbì kan, ó wọ́ níbòmíràn. Àwọn ẹ̀dá-ìtàn a máa sọ̀rọ̀ lọ lẹ́yìn tí ohun tí wọ́n fẹ́ sọ ti yé wa, tí ó ti sú wa. Ìjà rẹ̀, tí ó jẹ́ ibi tí ó ti dára jù lọ, a máa kún fún iná àti mànàmáná tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò ní rí ẹni tí ń jà mọ́. Ìrìn láti ìlú kan sí èkejì kò ní adùn kankan, bí ẹni ń rìn nínú gbọ̀ngàn kan tí wọ́n kun ògiri rẹ̀ lọ́dà dáadáa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí gbogbo èyí láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Kò purọ́ mọ́ eré náà.

Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ purọ́. Ohun tí ó wá sí mi lẹ́nu lọ́jọ́ náà ni pé kí ó ro iná tí ń lọ tí ń bọ̀ ní Yaoundé, kí ó ro ọdún mẹ́tàlá, kí ó sì ní sùúrù. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ó fún ní ìlẹ̀kẹ̀ ni òwe náà ń sọ. Kò ní kí a purọ́ nípa ijó ọmọ náà. Ìyìn tí a bá fi àánú ṣe kò gbé oníṣẹ́ ga, nítorí kò sọ fún un ibi tí ó ti ṣe dáadáa. Ó kàn sọ fún un pé a rí i pé ó jìyà. Nínú àwùjọ wa ní òkè òkun, àrùn yìí wọ́pọ̀. A ó yin ìwé nítorí pé ọmọ wa ni ó kọ ọ́, a kò ní kà á tán. A ó ní kí àwọn ọmọ wa fẹ́ràn ohun tí àwa fúnra wa kò lè jókòó tì fún wákàtí kan.

Kí ìdájọ́ mi má baà jẹ́ ti ẹbí, ẹ jẹ́ kí n gbé eré kan tí kò bá mi tan wá síwájú.

Ní ọdún 2005, ilé-iṣẹ́ Ice-Pick Lodge ní ìlú Moscow, lábẹ́ ìdarí Nikolay Dybowski, ṣe eré kan tí àwọn tí ń ka Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ sí Pathologic. Àjàkálẹ̀ àrùn bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú kan tí ó dá wà láàárín pápá gbalasa. Ẹni tí ń gbá a yóò yan ọ̀kan nínú oníwòsàn mẹ́ta, ọjọ́ 12 péré ni yóò sì ní. Aago ìlú náà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ebi ń pa oníwòsàn náà, oorun ń kùn ún, àrùn ń wá ọ̀nà wọ̀ ọ́ lára. Ní ọjọ́ kejì, owó oúnjẹ a fò sókè lójijì, owó tí ó fi yangàn lánàá a sì di yẹpẹrẹ. Àwọn ọmọdé ìlú ní ọjà tiwọn lẹ́yìn àgbà: wọn a gba nǹkan wẹ́wẹ́ tí àgbàlagbà kò kà sí, wọn a sì fi ohun tí ó lè gba ẹ̀mí là ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Kò sí bí o ṣe lè sáré tó tí ẹnìkan kò ní kú ní ibi tí o kò sí.

Kò sí eré tí mo gbá tí ó kọ́ mi ní ohun tí àjàkálẹ̀ àrùn ń ṣe sí ìlú tó èyí, mo sì ti gbá a ṣáájú ọdún 2020. Nígbà tí àwọn ènìyàn ń jà sí búrẹ́dì àti ìwé ìnùdí ní ilé ìtajà, mo rántí ọjọ́ kejì yẹn.

Síbẹ̀, eré tí ó burú ni, lójú ọ̀pọ̀ ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Ìrìn rẹ̀ lọ́ra, ojú kan náà ni ó wà lọ́rùn ìdajì àwọn ará ìlú, ìjà rẹ̀ dà bí ẹni ń fi igi na afẹ́fẹ́. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tí ó jáde ní ọdún 2006 kún fún àṣìṣe tó bẹ́ẹ̀ tí òǹkàwé kò ní mọ̀ bóyá àlọ́ ni ẹ̀dá-ìtàn ń pa ni, tàbí ògbufọ̀ ni ọ̀rọ̀ kò yé. Ọdún 2015 ni wọ́n tó gbé ìtumọ̀ tuntun jáde.

Níbí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ̀nà. Àléébù méjì tí mo kà yìí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Bí a bá tún ìtumọ̀ náà ṣe, kò sí ohun tí eré náà pàdánù. Ó kàn dára sí i ni. Ṣùgbọ́n bí a bá mú kí oníwòsàn náà máa sáré bí ẹṣin, tí oúnjẹ sì pọ̀ lọ́jà, ìlú náà kò ní jẹ́ ìlú tí àrùn ń jẹ run mọ́. Ìbéèrè tí ó yẹ kí lámèyítọ́ máa bi àléébù ni pé: bí mo bá mú ọ kúrò, kí ni yóò bá ọ lọ?

Wọ́n dán èyí wò ní gbangba. Nígbà tí Pathologic 2 jáde ní ọdún 2019, ọ̀pọ̀ ènìyàn kígbe pé ìnira rẹ̀ pọ̀ jù. Láìpẹ́, àwọn tí ó ṣe é fi ọ̀nà kún un tí ẹni tí ń gbá a lè gbà dín ebi, àárẹ̀ àti ewu kù, wọ́n sì sọ pé bí àwọn ti ṣe é níbẹ̀rẹ̀ ni àwọn fẹ́ kí a gbá a. Mo dín ebi kù. Lẹ́yìn bí wákàtí mẹ́ta, mo ṣàkíyèsí pé n kò ka búrẹ́dì inú àpò mi mọ́, pé mo ń kí àwọn ènìyàn lójú pópó bí ẹni tí ó wá lo ìsinmi. Ìtàn náà ṣì wà níbẹ̀ lódindi, ọ̀rọ̀ kan kò yí padà, ṣùgbọ́n kò kàn mí mọ́. Mo dá ebi náà padà sí bí ó ti wà.

N kò ní ṣe bí ẹni pé ìdánwò yìí mọ́ tónítóní. Ìrìn tí ó lọ́ra nínú eré ti ọdún 2005 lè jẹ́ ọgbọ́n ní apá kan kí ó sì jẹ́ àìlówó ní apá kejì, àwọn tí ó ṣe é gan-an sì lè má mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Olùfẹ́ eré náà yóò pe gbogbo rẹ̀ ní ọgbọ́n. Irú olólùfẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe ìpalára fún iṣẹ́ ọnà bí ẹlẹ́gàn ti ń ṣe é, nítorí kò jẹ́ kí a bá iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ bí ẹni bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀.

Àléébù kan tún wà tí kò ti inú ìlépa wá, tí kò sì ti inú àìbìkítà wá. Àìsí àkókò ni ó bí i. Vampire: The Masquerade – Bloodlines, tí ilé-iṣẹ́ Troika Games ní California ṣe, jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2004, ní ọjọ́ kan náà tí Half-Life 2 tí gbogbo ayé ń dúró dè jáde. Ìtàn àwọn òkú tí ń mu ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n sì ń ṣèlú láàárín ara wọn ní Los Angeles ni. Nínú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n rán ọ lọ mú ohun ọ̀ṣọ́ ọrùn kan wá láti ilé ìtura kan tí a ti kọ̀ sílẹ̀. Kò sí ọ̀tá kan ṣoṣo nínú ilé náà tí o lè bá jà. Iná ń kú, ìkòkò ń fò, àtẹ̀gùn ń já lábẹ́ ẹsẹ̀, ìwọ tí o ti di abàmì fúnra rẹ, tí o ti ń rò pé ìwọ ni ẹlòmíràn yẹ kí ó máa bẹ̀rù, ń fi ẹ̀yìn rìn bí ọmọdé. Nǹkan bí wákàtí kan péré ni. Mo ti gbá eré tí a ná owó ìlú kan lé lórí tí kò ní wákàtí kan tí ó tó èyí.

Lẹ́yìn náà ni eré náà rẹ̀. Bí o bá ti wọ ihò omi ìdọ̀tí abẹ́ ìlẹ̀ Hollywood, ọ̀rọ̀ tán, ìjà nìkan ni ó kù, ìjà náà kò sì dára. Àṣìṣe inú rẹ̀ pọ̀ nígbà tí ó jáde. Troika sì ti ilẹ̀kùn ní ọdún 2005, kí ó tó pé oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí ó rà á ni wọ́n jókòó tì í, tí wọ́n ń tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún ohun tí ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìmọ̀ràn mi sí ẹnikẹ́ni tí ó bá bi mí nípa rẹ̀ ni pé kí ó gbá a dé ihò yẹn, kí ó sì dìde. Kò sí òfin tí ó ní kí a parí eré. A máa ń ka orí mẹ́ta nínú ìwé ìtàn olójú ewé ẹgbẹ̀ta, a ó sì máa fi ọdún púpọ̀ ronú lé wọn. Èéṣe tí eré kọ̀ǹpútà yóò fi jẹ́ gbèsè tí a gbọ́dọ̀ san tán?

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi ọ̀rọ̀ ìlépa bo gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí No Man's Sky jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, ohun tí ó ń bí àwọn ènìyàn nínú kì í ṣe pé ó gbìyànjú ohun tí ó pọ̀ jù. Wọ́n ti sọ fún wọn pé àwọn ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀. Wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn náà, láìgba owó kún un, iṣẹ́ àtúnṣe náà sì yẹ ní yíyìn. Ẹni tí ó sanwó ní ọjọ́ kìíní kò sì jẹ̀bi pé ó bínú. Ìlépa jẹ́ ohun tí ó wà nínú iṣẹ́; ìlérí wà lẹ́nu ẹni tí ń tà á.

Àwọn ìyá wa mọ gbogbo èyí kí a tó fi orúkọ sí i. Ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí fíìmù Yorùbá orí fídíò bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ wa nínú àpótí àwọn tí ń bọ̀ láti Èkó, ohùn ẹ̀rọ amúnáwá máa ń bo ọ̀rọ̀ òṣèré mọ́lẹ̀, òjìji ẹni tí ó mú kámẹ́rà a sì máa hàn lára ògiri. Ìyá mi kì í sọ nípa òjìji yẹn. Ṣùgbọ́n bí òṣèré kan tí ó ń ṣe ìyàwó ilé bá kí ìyá ọkọ rẹ̀ lórí ìdúró, yóò pòṣé, yóò ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Ó mọ àléébù tí ó jẹ́ ti owó, ó sì mọ èyí tí ó jẹ́ ti àìronú. N kò rí lámèyítọ́ tí ó ju ìyá mi lọ ní yunifásítì.

Bí mo bá wá fi ojú yẹn wo Aurion, kí ni mo rí? Gẹ̀ẹ́sì tí ó wọ́ náà, kò sí ohun tí ó ń ṣe fún eré náà; olóòtú kan tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń fẹ́. Ìrìn tí kò ní adùn náà rí bẹ́ẹ̀. Iná tí ó bo ojú ìjà ni mo ń ṣe iyè méjì lé lórí: nígbà tí ogún baba méjì bá dà pọ̀ lára ẹnì kan, bóyá kò yẹ kí ojú lè rí gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ gígùn sì ni mo ń gbèjà ní apá kan. Bí tọkọtaya méjì tí a lé kúrò nílùú bá ń jiyàn lórí ohun tí agbára wà fún, ìjíròrò wọn kò lè kúrú bí ti ọlọ́pàá àti olè. Àpérò ni, àpérò a sì máa gùn. Àbùkù ibẹ̀ ni pé eré náà kì í mọ ìgbà tí àpérò ti tán. Lójú tèmi, ìdajì àléébù Aurion ni a lè mú kúrò láìfarapa. Ìdajì kejì ni iye tí ó náni láti rí akọni tí kò dá jà, tí ìyàwó rẹ̀ ń bi í ní ìbéèrè, tí òkú ilé rẹ̀ sì ń dá a lóhùn.

Ẹni tí wákàtí méjì péré wà fún lọ́sẹ̀ lè sọ pé iye náà wọ́n, n kò ní bá a jà. Eré tí ó já geere pọ̀ lọ́jà, púpọ̀ nínú wọn sì dára. Ohun tí mo lè sọ ni pé nínú ọdún mẹ́wàá, mo ti gbàgbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó já geere wọ̀nyẹn, mo sì ṣì mọ iye búrẹ́dì tí ó wà lápò mi ní ìlú inú pápá yẹn.

Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo dá a lóhùn. Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́: ká ní kì í ṣe ọmọ Áfíríkà ló ṣe Aurion, bóyá n kò bá má tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ẹbí ni ó jẹ́ kí n fún un ní wákàtí àkọ́kọ́. Erine ni ó jẹ́ kí n fún un ní àwọn tó kù. Ó ní èsì náà tọ́, ṣùgbọ́n òun kò ní padà sídìí Aurion. N kò rọ̀ ọ́. Ó wá béèrè, bí ẹni tí kò fẹ́ kí n rí i pé ó ń béèrè, bóyá eré àwọn ará Rọ́ṣíà yẹn ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà mi. Alẹ́ àná ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ní owó òun pọ̀, pé òun yóò ra oúnjẹ lọ́la. N kò sọ nǹkan kan.